Bí linker ṣe ń wá libcurl nínú Visual Studio

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kóòdù ní Òṣogbo ló gbà pé bí wọ́n bá ti kọ #include <curl/curl.h> sí orí fáìlì wọn, libcurl ti wọ inú ètò wọn nìyẹn. Èrò yìí ló wà nídìí wàhálà tó pọ̀ jù tí wọ́n ń rí nínú Visual Studio, ètò Microsoft tí a fi ń kọ kóòdù, ó sì ń dunni, nítorí pé òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro rárá. Fáìlì header, ìyẹn fáìlì .h tí #include ń dárúkọ, kò ní iṣẹ́ (function) kankan nínú. Orúkọ àwọn iṣẹ́ ló wà níbẹ̀, àti irú nǹkan tí a gbọ́dọ̀ kó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí wọ́n tó lè dáhùn. Ibòmíràn ni iṣẹ́ gan-an wà.

libcurl ni láíbùrárì, ìyẹn àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, tí ètò kọ̀ǹpútà fi ń gba fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì tún fi ń fi í ránṣẹ́. Daniel Stenberg, ọmọ orílẹ̀-èdè Swídìn, ló gbé curl, ètò tí libcurl ti jáde wá, jáde lórúkọ yìí ní 1998, libcurl fúnra rẹ̀ sì tẹ̀lé e ní 2000. Èdè C ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni kóòdù rẹ̀, gbígbà á kò sì jẹ dátà tó bẹ́ẹ̀. Visual Studio ló ń jẹ dátà, torí pé apá Desktop development with C++ nìkan gba gígábáìtì mélòó kan, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òkè-Fìà àti Àlékùwódò fi ń dúró di òru, nígbà tí dátà bá dínwó, kí wọ́n tó gbà á. Tí ó bá ti wọlé, a ó ṣí fódà curl nínú rẹ̀, CMake, ètò tó ń ṣètò bí a ó ṣe kọ́ kóòdù, yóò ka CMakeLists.txt tó jẹ́ ìwé ìlànà rẹ̀, a ó sì fi BUILD_SHARED_LIBS sí OFF bí a bá fẹ́ láíbùrárì static, èyí tí kóòdù rẹ̀ yóò wọ inú ètò wa, kí a fi CURL_USE_SCHANNEL sí ON kí libcurl lè lo ètò ààbò tí Windows ti ní fúnra rẹ̀.

Compiler ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́, kí linker tó wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ètò kan. Yóò mú fáìlì .c kan ṣoṣo, yóò lẹ gbogbo header tí fáìlì náà dárúkọ mọ́ ọn, yóò sọ ọ́ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́, yóò sì kó o sínú fáìlì .obj. Kò bèèrè nǹkan kan nípa àwọn fáìlì yòókù. Ọgbọ́n gidi ló wà nínú èyí. Ninja, tí Visual Studio fi ń darí iṣẹ́ CMake nígbà tí a bá ṣí fódà tààrà, ń kọ fáìlì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó bá ti parí. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, tí bátìrì náà sì kú, àwọn .obj tó ti parí ṣì wà níbẹ̀, ibi tí iṣẹ́ dé ni yóò ti tẹ̀ síwájú nígbà tí iná bá padà. Nínú ìlú tí iná kì í ti í dúró, ohun ńlá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí kan náà ló fa àṣìlóye tí a ń sọ. Bí ẹbí kan bá fẹ́ sìnkú àgbà, wọn a máa tẹ ìwé ètò ọjọ́ náà sílẹ̀, wọn a sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí àwọn àlejò bá jókòó tán, Àyàn yóò lùlù kí wọn. Ẹni tó ń tẹ ìwé kò rí onílù kankan, kò sì bèèrè ibi tó ń gbé. Wọ́n ti sọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ fún un, ìyẹn sì tó fún un láti fi àyè sílẹ̀. Compiler nìyẹn. Linker ni ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí ètò, tí yóò mú ìwé náà lọ́wọ́, tí yóò wá olúkúlùkù tí wọ́n dárúkọ, tí kò sì ní jẹ́ kí ìnáwó bẹ̀rẹ̀ bí ẹyọ ẹnì kan bá ṣẹ́ kù. Láíbùrárì static dà bí onílù tó ń gbé inú agbo ilé náà fúnra rẹ̀. DLL, láíbùrárì tó dá dúró nínú fáìlì tirẹ̀ lóde ètò wa, dà bí onílù òde, tó jẹ́ pé àdírẹ́sì rẹ̀ nìkan ló wà nílé, tí a ó sì ránṣẹ́ pè é ní ọjọ́ náà gan-an.

Lórí Windows, bí a kò bá sọ ohun mìíràn fún un, curl.h gbà pé onílù òde ni libcurl. Ó ń fi __declspec(dllimport) sí iwájú gbogbo function rẹ̀, compiler a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé Àyàn òde ni kí wọ́n pè. Bí ó bá wá jẹ́ pé static ni a kọ́, linker yóò dúró láàárín agbo ilé, yóò máa pe Àyàn òde, Àyàn ilé yóò sì jókòó síbẹ̀ láìdáhùn, nítorí pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń pè. Àṣìṣe tí yóò hàn lójú kọ̀ǹpútà ni LNK2019: unresolved external symbol __imp_curl_easy_init referenced in function main, ìyẹn ni pé linker kò rí orúkọ tí wọ́n ní kó wá. Ẹ wo __imp_ tó wà níwájú orúkọ náà dáadáa. Òun ló fi hàn pé Àyàn òde ni wọ́n ń pè, síbẹ̀ ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò ó, wọ́n á máa tún curl gbà, wọ́n á máa tún Visual Studio tò, nígbà tó jẹ́ pé CURL_STATICLIB, tó ń sọ fún curl.h pé static ni libcurl, nìkan ni wọn ìbá kọ sí Preprocessor Definitions nínú ètò tiwọn. Bí ó bá jẹ́ òdìkejì, tí a kọ CURL_STATICLIB ṣùgbọ́n tí a lo DLL, kò sí wàhálà, nítorí pé fáìlì .lib tó ń tọ́ka sí DLL ní orúkọ méjèèjì nínú, èyí tó ní __imp_ àti èyí tí kò ní.

Ibí yìí ni bí wọ́n ṣe ń sọ fáìlì lórúkọ lórí Windows ti kù díẹ̀ káàtó. .lib ni wọ́n ń pe láíbùrárì static tó ní gbogbo iṣẹ́ nínú, .lib náà ni wọ́n sì ń pe fáìlì kékeré tó kàn ń tọ́ka sí DLL. Kò yẹ kí nǹkan méjì tó yàtọ̀ báyìí jẹ́ orúkọ kan náà, àwọn tó ń tọ́jú curl sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ti ń fi _imp sí orúkọ ti ìkejì, kí ó di libcurl_imp.lib. Bí ó bá ru ẹnikẹ́ni lójú, kí ó ṣí Developer Command Prompt, ojú ìwé àṣẹ tó bá Visual Studio wá, kí ó tẹ lib /list libcurl.lib. Bí orúkọ oríṣiríṣi fáìlì .obj bá tò jáde, static ni. Bí libcurl.dll bá ń tún ara rẹ̀ sọ láti òkè dé ilẹ̀, atọ́ka lásán ni.

Nígbà tí Àyàn ilé bá dáhùn tán, yóò béèrè àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Láíbùrárì static kì í kó àwọn tí òun náà gbẹ́kẹ̀ lé dání, nítorí náà LNK2019 mìíràn yóò tún tò jáde, __imp_WSAStartup tó wà nínú Ws2_32.lib, àti àwọn kan tó wà nínú Crypt32.lib, láíbùrárì Windows ni méjèèjì. Ìlọsíwájú ni èyí, kì í ṣe ìpadàsẹ́yìn, torí ó fi hàn pé a ti rí libcurl fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi CMake kọ́ ètò tirẹ̀ náà, tó sì so ó mọ́ CURL::libcurl nípasẹ̀ find_package, àṣẹ CMake tó ń wá láíbùrárì, kò ní fojú kan gbogbo èyí, nítorí pé láíbùrárì náà ni yóò gbé CURL_STATICLIB àti orúkọ àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé wá fúnra rẹ̀. Bó ṣe yẹ kí ó rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

LNK2038, àṣìṣe mìíràn tí linker lè fi hàn, kò le: ó ń sọ pé ọ̀kan jẹ́ Debug, èkejì Release, tàbí pé ọ̀kan lo /MD (láíbùrárì C gẹ́gẹ́ bí DLL) tí èkejì lo /MT (láíbùrárì C gẹ́gẹ́ bí static). Kí a mú wọn bára mu, ó parí.

Ẹni tó yan DLL yóò rí i pé ètò rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá fi fláàṣì gbé .exe náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, Windows lè sọ pé òun kò rí libcurl.dll. Ohun tó yẹ ni kí ó gbé DLL tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ sínú fódà kan náà pẹ̀lú .exe. Kí ó má ṣe lọ gba DLL lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé iṣẹ́ tí fáìlì náà fẹ́ ṣe ni láti máa gbé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lo ètò náà lọ gbé e bọ̀.

Static kò ní ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n ó ní ẹrù tirẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, curl 8.4.0 jáde láti tún àlébù ààbò kan ṣe, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ CVE-2023-38545, tó wà nínú ọ̀nà tí libcurl ń gbà bá SOCKS5 sọ̀rọ̀, ìlànà tí a fi ń gba ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà alárinà kọjá. Ẹni tó lo DLL kàn ní láti fi libcurl.dll tuntun rọ́pò ti àtijọ́ ni. Ẹni tó lo static ní láti tún gbogbo ètò rẹ̀ kọ́, kí ó sì wá gbogbo àwọn tó ti fún rí. Nítorí náà, ó dára kí irú ètò bẹ́ẹ̀ pe curl_version, function tó ń sọ ẹ̀dà libcurl, kí ó sì fi èsì rẹ̀ hàn níbi tí ojú tó o, kí ẹni tó ń lò ó lè mọ ẹ̀dà libcurl tó wà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń wá ẹni tó kọ ọ́ kiri.