Òkúta tuntun lórí ọ̀nà àtijọ́: bí wọ́n ṣe ń tún bridleway ṣe, àti ohun tí ojú oníkẹ̀kẹ́ ń rí níbẹ̀

Bridleway ni ọ̀nà tí ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́ jọ ń lò ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Footpath kò rí bẹ́ẹ̀, ti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan nìyẹn. Òfin Countryside Act ti ọdún 1968 ló ṣílẹ̀kùn bridleway fún kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ó ká oníkẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ kò níbi méjì: ó gbọ́dọ̀ yà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin, ìjọba kò sì ní ojúṣe láti mú ọ̀nà náà dẹrùn fún kẹ̀kẹ́. Ìtọ́jú ojú ọ̀nà wà lọ́rùn káńsù, gẹ́gẹ́ bí Highways Act ti ọdún 1980 ṣe là á sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí káńsù bá kó òkúta dé, pátákò ẹṣin àti bàtà ẹlẹ́sẹ̀ ló wà lọ́kàn wọn. Táyà kò sí nínú ìṣirò. (Ní Scotland, ọ̀tọ̀ ni òfin tiwọn: òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2003 ló fún kẹ̀kẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀.)

Omi ló máa ń fa àtúnṣe yìí ju ẹsẹ̀ tàbí táyà lọ. Ọ̀pọ̀ bridleway orí òkè jẹ́ ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́ fi ń da ẹṣin tó ru ẹrù. Ṣe ni wọ́n gba orí òkè sọ̀ kalẹ̀ tààrà, wọn kò yí òkè náà ká. Ibi tí ẹṣin gbà ni àgbàrá náà ń gbà. Ó ń kó erùpẹ̀ lọ títí ọ̀nà á fi di kòtò, tí àpáta á sì yọ sókè. Àwọn èèyàn á máa yẹ̀ fún ẹrẹ̀, wọ́n á máa tẹ koríko ẹ̀gbẹ́ pa, ọ̀nà oní mítà méjì á sì fẹ̀ di mítà mẹ́wàá.

Iṣẹ́ tó bá dára, ọ̀rọ̀ omi ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á la gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ tó ga, wọ́n á ri páìpù sábẹ́ ọ̀nà níbi tí ìṣàn ti fẹ́ kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbẹ́ ẹrẹ̀ kúrò títí wọ́n á fi kan ilẹ̀ líle. Níbi tí kò bá sí ilẹ̀ líle, bíi orí peat, ìyẹn erùpẹ̀ dúdú tí ewéko jíjẹrà ṣẹ̀dá, tó máa ń rin gbingbin, wọ́n á tẹ́ aṣọ oníke tí omi lè jò kọjá sílẹ̀ kí òkúta má baà rì. Orí rẹ̀ ni òkúta fífọ́ tí wọ́n ń pè ní Type 1 ń lọ. Èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀ tó mìlímítà 63, èyí tó kéré jù sì jẹ́ lẹ́búlẹ́bú. Wọ́n á tẹ́ ẹ tó mìlímítà 100 sí 150. Tó bá nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, agbára ẹ̀rọ tó ń tẹ ilẹ̀ kò ní dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rinrin rẹ̀ náà ní ìwọ̀n: téèyàn bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan tó sì fún un, ó yẹ kó dì mọ́ra, kí omi má sì kán. Wọ́n á wá fi òkúta wẹ́wẹ́ tí kò ju mìlímítà 6 lọ, tòun ti ìyẹ̀fun rẹ̀, bo orí rẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kí àárín ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 nínú mítà kan, kí omi lè ya sí ẹ̀gbẹ́.

Ìyẹ̀fun yẹn ni àtè tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Tí wọ́n bá ra òkúta tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, tàbí òkúta odò tó rí roboto, kò ní dì mọ́ra láé, bó ti wù kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tó. Tí wọ́n bá tẹ́ ẹ ní gbígbẹ, kò ní dì náà ni. Níbi tí ilẹ̀ bá sì ti dagẹ̀rẹ̀ ju mítà 1 nínú mítà 10 lọ, òjò á fọ ìyẹ̀fun náà kúrò bí wọ́n tilẹ̀ ṣe é dáadáa. Òkúta tó kù á wá tú ká bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já.

Níbi báyìí ni oníkẹ̀kẹ́ ti máa ń ṣubú. Àpáta tó ta gbòǹgbò sílẹ̀, táyà lè dì í mú, kódà nígbà òjò. Òkúta tó tú ká kò ní ohun tí táyà lè dì mú. Téèyàn bá tẹ bíréèkì iwájú ní kọ́nà, òkúta á yí lábẹ́ táyà, ẹsẹ̀ iwájú á sì yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí bíréèkì parí iṣẹ́ rẹ̀ kí kọ́nà tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì dúró ṣánṣán. Dídín afẹ́fẹ́ táyà kù ní psi méjì tàbí mẹ́ta ń jẹ́ kó gbálẹ̀ mú dáadáa, ṣùgbọ́n etí òkúta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ mú bí abẹ, ó sì ń la ẹ̀gbẹ́ táyà. Lóṣù mélòó kan àkọ́kọ́, táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn sàn ju táyà fẹ́lẹ́ tí wọ́n dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù.

Ọ̀rọ̀ eré ló tún wá ta kókó. Àtẹ̀gùn àpáta máa ń fipá mú kẹ̀kẹ́ rọra lọ, nígbà míì kò ní yára ju ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá fi òkúta wẹ́wẹ́ bò ó pẹrẹsẹ, kẹ̀kẹ́ kan náà lè sáré kìlómítà 40 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ tí bíréèkì kò ti ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe nítorí ààbò lè wá di ohun tó ń ko kẹ̀kẹ́ lu ẹṣin. Tí oníkẹ̀kẹ́ bá rí ẹṣin níwájú, kó ti òkèèrè kí ẹni tó gùn ún. Ẹṣin mọ ohùn èèyàn, kẹ̀kẹ́ tó yọ sí i ní ìdákẹ́jẹ́ ló ń dẹ́rù bà á.

Awuyewuye tó ṣẹlẹ̀ ní Rushup Edge, ní Peak District, agbègbè olókè kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2014 dá lórí irú nǹkan báyìí. Káńsù Derbyshire bẹ̀rẹ̀ sí í da òkúta wẹ́wẹ́ bo àtẹ̀gùn àpáta ibẹ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì fẹ̀hónú hàn. Àríyànjiyàn wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kò lè ba àpáta jẹ́. Erùpẹ̀ àárín rẹ̀ ló ń lọ, ibẹ̀ ló sì nílò iṣẹ́.

Ọ̀nà míì wà, àmọ́ ó gba ọwọ́ àti àkókò. Wọ́n á fi àpáta sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n á wá to òkúta ńlá sí àwọn àlàfo rẹ̀ ní òòró, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ wọlẹ̀. Ojú ìpàdé òkúta kò gbọ́dọ̀ bára wọn dọ́gba, torí àlàfo tó bá gùn tààrà sísàlẹ̀ á di ojú àgbàrá, á sì tún di ibi tí táyà ń há sí. Igi tí wọ́n ń dábùú ọ̀nà láti fi darí omi tún burú fún kẹ̀kẹ́: ó máa ń dùbúlẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ sí ọ̀nà, tó bá sì tutù, táyà á yọ̀ lórí rẹ̀ bó ṣe fara kàn án. Ó sàn kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ kó sì tún gòkè díẹ̀, kí omi lè ya síta níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ á kọjá láìfura, ẹṣin náà á kọjá.

Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tòun, kó tètè kọ̀wé sí ọ́fíìsì rights of way ní káńsù, ìyẹn ẹ̀ka tó ń bójú tó irú ọ̀nà wọ̀nyí, kí wọ́n tó ra òkúta. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní local access forum náà wà, tí òfin ọdún 2000 dá sílẹ̀ láti máa gba káńsù nímọ̀ràn. Fọ́tò tí wọ́n yà nígbà tí òjò ń rọ̀, tó fi ibi tí omi ti ń wọ ojú ọ̀nà hàn, wúlò ju ìbínú lọ. Kó béèrè irú òkúta tí wọ́n fẹ́ lò àti bí ìyẹ̀fun rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ibi tí omi á gbà jáde, àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi àpáta ṣe. Kó tún béèrè ẹni tó máa kó ewé kúrò nínú gọ́tà kí òtútù tó dé lọ́dọọdún. Páìpù kan ṣoṣo tó bá dí ti tó láti dá omi padà sójú ọ̀nà, ìyẹ̀fun á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ lọ.