Àwọ̀ Páànù àti Ooru Inú Ilé

Ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Kùtọnu, àárín orí ni oòrùn ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà. Nínú ilé tí kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òrùlé ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú oòrùn náà.

Ohun méjì ló ń pinnu bí páànù yóò ṣe gbóná tó: iye ìtànṣán tó ń dá padà, àti bó ṣe ń yára tú èyí tó ti fà mu sílẹ̀. Páànù tí wọ́n kùn ní funfun máa ń dá nǹkan bíi ìdá 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún padà nígbà tó ṣì tuntun. Dúdú kì í sábà dá ju ìdá 10 padà. Nítorí náà, dúdú lè gbóná ju 65°C lọ lọ́sàn-án, nígbà tí funfun á fi ogún dígírì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dín sí i.

Páànù tí kò lọ́dà ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ó ń dán, ó sì ń dá oòrùn padà lóòótọ́, àmọ́ irin tí a kò kùn kì í tú ooru sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ìwọ̀nba tó bá fà mu, ara rẹ̀ ló ń há sí. Bí síńkì bá sì ṣá, ìdápadà yẹn náà á dínkù. Ọ̀dà, àwọ̀ yòówù kó jẹ́, ń tú ooru sílẹ̀ dáadáa.

Ojú nìkan kò tó láti fi yan àwọ̀. Bí ìdajì agbára oòrùn ló wà nínú ìtànṣán tí ojú kò lè rí, àwọn ọ̀dà kan sì wà tí wọ́n po láti máa dá ìyẹn padà. Páànù aláwọ̀ ilẹ̀ méjì lè jọra bí ìbejì, kí ọ̀kan gbóná ju èkejì lọ. Ẹ béèrè nọ́ńbà SRI lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ìyẹn òṣùwọ̀n tó pa dídá oòrùn padà àti títú ooru sílẹ̀ pọ̀: 0 ni ti dúdú òṣùwọ̀n, 100 ni ti funfun òṣùwọ̀n. Bí kò bá ní in, ẹ gbé àfọ́kù méjì sórí pákó nínú oòrùn láago méjìlá, kí ẹ rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn wọ́n lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Nínípọn páànù, 0.45 tàbí 0.55 mílímítà, kò fi bẹ́ẹ̀ kan ooru. Agbára rẹ̀ níwájú ìjì ló kàn.

Àwọ̀ dúdú tún ń ba òrùlé fúnra rẹ̀ jẹ́. Aluminium tó gùn ní mítà 6 máa ń fi nǹkan bíi mílímítà 6 gùn sí i bó bá kúrò ní 25°C òru bọ́ sí 70°C ọ̀sán. Ti funfun kì í sábà ju ìdajì ìyẹn lọ. Ojoojúmọ́ ni ihò ìṣó ń jìyà rẹ̀. Tó bá yá, ihò á fẹ̀, rọ́bà abẹ́ orí ìṣó á sán, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ìró tí òrùlé máa ń pa nígbà tí òjò bá dédé rọ̀ lé e lọ́sàn-án, páànù tó ń súnkì ni.

Dídán tàbí ṣíṣú kò yí ooru padà púpọ̀. Èyí tó ń dán máa ń jẹ́ kí òjò fọ eruku ọyẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n ó lè máa ta sójú aládùúgbò tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Páànù olókùúta wẹ́wẹ́ máa ń di eruku mú. Ẹ fi ọṣẹ àti ìgbálẹ̀ rírọ̀ fọ òrùlé lẹ́yìn ọyẹ́, kì í ṣe kànìnkànìn onírin tó ń ha ọ̀dà. Nínú oríṣi ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun páànù, PVDF ń pẹ́ ju polyester lọ kó tó ṣá.

Bí páànù dúdú bá ti wà lórí ilé, ẹ ta fọ́ìlì sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 2 ó kéré tán sílẹ̀, kí ojú tó ń dán kọjú sí àlàfo náà. Bí fọ́ìlì bá fara kan páànù, ooru á gba inú rẹ̀ kọjá, owó á sì ṣòfò. Ẹ ṣí ojú afẹ́fẹ́ sí etí òrùlé, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí àdán.