Kí Ẹ Tó Dá Bátìrì Lẹ́bi, Ẹ Wo Ṣéènì

"Bátìrì yìí ti kú." Ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ nìyẹn bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ agégi oníbátìrì wá bá mi. N kì í dá wọn lóhùn títí n ó fi wo ṣéènì. Lọ́pọ̀ ìgbà, eyín rẹ̀ ti kú, ara rẹ̀ ti gbẹ táútáú, ó sì ń rọ̀ dirodiro. Bátìrì tí wọ́n ń bú ló ń ṣiṣẹ́ àṣekú. Ṣéènì tí kò mú kì í gé igi, ṣe ló ń ha á. Mótò á máa fa iná lemọ́lemọ́, bátìrì á gbóná, á sì tán kí ẹ tó ṣe ìdajì iṣẹ́.

Torí pé ẹ̀rọ yìí kò ní púlọ́ọ̀gì, tí kò sì mu pẹtiróòlù, àwọn èèyàn rò pé kò ní ìtọ́jú. Ó ní in. Ṣéènì, àti irin pẹlẹbẹ tí ṣéènì ń yí ká, èyí tí à ń pè ní báà, kò mọ̀ bóyá iná ló ń yí òun tàbí epo.

Kí ọwọ́ yín tó kan ohunkóhun, ẹ yọ bátìrì. Pípa nìkan kò tó. Ẹ̀rọ elépo máa ń pariwo bó bá wà láàyè. Èyí dákẹ́ jẹ́ẹ́, ìka kan ṣoṣo ló sì ń jí i. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ pẹ̀lú, torí ṣéènì tó dúró náà ń géèyàn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ṣéènì ṣì mú, ẹ wo ohun tó ń dà sílẹ̀. Èyí tó mú ń tu èérún igi tó ṣeé ṣà. Èyí tó ti kú ń ku lẹ́búlẹ́bú. Bó bá sì ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, eyín apá kan ti kúrú ju ti èkejì lọ. Fáìlì roboto la fi ń pọ́n ọn. Ọ̀pọ̀ ṣéènì ẹ̀rọ oníbátìrì ń gba 4.0 mm, àwọn mìíràn 4.5 mm, ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ìdagun fáìlì sí ṣéènì sábà máa ń jẹ́ 30°. Ẹ ti fáìlì síwájú, ẹ gbé e kúrò, ẹ má ṣe fà á bọ̀ lórí eyín. Iye ìgbà tí ẹ bá pọ́n eyín kan, ni kí ẹ pọ́n gbogbo ìyókù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í wò ni òkè kékeré tó wà níwájú eyín kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń pinnu bí eyín ṣe máa wọlé tó. Bí eyín ṣe ń kúrú lábẹ́ fáìlì, òkè yìí á bá a dọ́gba: ẹ ó pọ́n ọn tán, kò sì ní jẹ igi. Ó yẹ kó fi nǹkan bí 0.65 mm rẹlẹ̀ ju eyín lọ. Fáìlì pẹlẹbẹ la fi ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni o, torí bó bá rẹlẹ̀ jù, ẹ̀rọ lè ta padà sójú ẹni tó mú un.

Ṣéènì gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ abẹ́ báà, síbẹ̀ kí ọwọ́ lè fà á yí. Ẹ má fún ṣéènì le nígbà tó bá gbóná: irin tó gbóná ń gùn, bó bá tutù á súnkì, á sì máa fa ọ̀pá mótò. Ṣéènì tuntun ń tètè gùn, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò léraléra.

Ọ́ìlì tó ń mú kí ṣéènì máa yọ̀ lórí báà ńkọ́? Ẹ dá bátìrì padà, ẹ gbé imú báà sókè páálí kan, kó má kàn án, kí ẹ sì tẹ ẹ̀rọ. Ìlà ọ́ìlì tín-ínrín gbọ́dọ̀ hàn. Bí kò bá hàn tí táńkì sì kún, oje igi àti èérún ló dí ihò. Ẹ tún yọ bátìrì, ẹ tú báà, ẹ họ inú kòtò tóóró rẹ̀, ẹ sì yí i padà kí òkè di ìsàlẹ̀, kó má báa jẹ sápá kan. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú lára ọkọ̀, ẹ má dà á sí i: ìdọ̀tí irin ló kún inú rẹ̀.

Ti bátìrì gan-an kò pọ̀. Ẹ má ṣáájì rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, tàbí nínú òtútù tó bá rẹlẹ̀ ju 0°C lọ. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi nu ojú irin rẹ̀, ẹ má fi omi kàn án. Bí ẹ kò bá ní lò ó fún oṣù mélòó kan, ẹ yọ ọ́, ẹ fi í síbi tó tutù tó sì gbẹ, kí iná tó kù nínú rẹ̀ wà ní nǹkan bí ìdajì.

Bí ẹ bá rí ọ́ìlì tó jò sábẹ́ ẹ̀rọ ní ọjọ́ kejì, ẹ má bẹ̀rù. Ó sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí táńkì bá kún. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀.