Báńkì Pọ̀ Kì Í Ṣe Ẹ̀rí Pé Wọ́n Ń Díje

Bí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, bá ti ní kí àwọn báńkì fi kún owó ìdókòwò wọn, ọ̀rọ̀ kan kì í pẹ́ jáde: "Wọ́n ti fẹ́ kù díẹ̀ nìyẹn, wọ́n á wá máa fá wa lórí bó ṣe wù wọ́n." Èrò tó wà nídìí ẹ̀ ni pé tí báńkì bá pọ̀, ìdíje pọ̀, tí wọ́n bá dín kù, ìdíje kú.

Ní 2004, báńkì 89 ni Nàìjíríà ní. Charles Soludo, gómìnà CBN nígbà náà, gbé owó tí báńkì gbọ́dọ̀ ní láti bílíọ̀nù 2 náírà sí bílíọ̀nù 25. Kí 2005 tó parí, àwọn kan ti dà pọ̀, àwọn míì ti kógbá wọlé, ó ku 25. Àmọ́ nínú 89 yẹn, mẹ́wàá tó tóbi jù ló di nǹkan bí ìdajì gbogbo dúkìá mú. Kí ni àwọn yòókù ń bá wọn díje lé lórí?

Ẹ wo ọjà. Alátà ogún lè tò jọ, kí ẹgbẹ́ sì ti fẹnu kò lórí iye apẹ̀rẹ̀ kan. Ẹni tó bá tà á lọ́pọ̀, ìjà ló rí yẹn. Ogún ènìyàn, iye kan ṣoṣo.

Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní HHI sàn ju kíka orí lọ. Wọ́n á mú ìpín ọjà tó wà lọ́wọ́ báńkì kọ̀ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á fi ìpín náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, wọ́n á wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Bí èsì bá ṣe ga tó ni ọjà ṣe wà lọ́wọ́ àwọn díẹ̀ tó. Báńkì mẹ́wàá tí ìpín wọn dọ́gba á fún wa ní 1,000. Kí ọ̀kan nínú mẹ́wàá ọ̀hún wá di 91 mú, kí mẹ́sàn-án yòókù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: 8,290! Báńkì mẹ́wàá náà sì ni o.

Síbẹ̀, títóbi ni HHI ń wò, kì í wo ìwà. Òṣùwọ̀n àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Panzar àti Rosse, ló ń wo ìwà: bí ìnáwó báńkì bá gòkè, báwo ni owó tó ń wọlé fún un ṣe ń ṣe? Níbi tí ìdíje ti gbóná dé góńgó, méjèèjì á jọ gòkè déédéé, èsì á sì jẹ́ 1. Ti báńkì tó dá ọjà jẹ kì í ju òdo lọ. Ìlànà yìí ni Stijn Claessens àti Luc Laeven lò fún orílẹ̀-èdè 50 nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004. Wọn ò rí ẹ̀rí pé ibi tí báńkì ńlá díẹ̀ ti di ọjà mú ni ìdíje ti ń kú. Ibi tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún báńkì ilẹ̀ òkèèrè, tí òfin ò sì dí ẹni tuntun lọ́nà, ni ìdíje ti le jù.

Ẹlòmíì á ní èlé gọbọi tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀yáwó ti tó ẹ̀rí pé àwọn báńkì wa kì í díje. Rárá o. Ní oṣù Kejì 2024, CBN ní kí àwọn báńkì olókòwò máa kó 45 náírà nínú gbogbo 100 náírà tí a bá fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn wá fún òun. Owó tó kù láti yá ènìyàn ti wọ́n gógó nìyẹn, ì báà jẹ́ pé wọ́n ń jà nítorí oníbàárà látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ní ìlú kékeré tó jẹ́ pé ẹ̀ka báńkì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ ńkọ́? Iye báńkì tó wà ní Marina, àdúgbò àwọn báńkì ńlá l'Ékòó, ò kàn wọ́n. Onípíọ́ẹ̀sì ìkòríta ló ń bá ẹ̀ka yẹn du oníbàárà.