Ṣé dandan ni kí ẹgbẹ̀rún ènìyàn gbọ́ pódíkáàsì kó tó mú oníbàárà wá?

Ohun tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ mi n'Ìbàdàn ni pé: "Pódíkáàsì? Ti àwọn olókìkí nìyẹn. Ta ló fẹ́ gbọ́ tèmi?" Pódíkáàsì ni ọ̀rọ̀ tí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tí a gbé sórí ayélujára kí ẹni tó bá fẹ́ lè gbọ́ ọ nígbà tó bá wù ú. Wọ́n gbà pé àfi kí èrò rẹpẹtẹ máa gbọ́ni kí owó tó wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ń dùn mí pé ìgbàgbọ́ yìí ti pa ọ̀pọ̀ àgbà ọ̀jẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Mo mọ ibi tó ti wá. Ìlú rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni Ìbàdàn. Agodi níbí ni WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1959. A ti dàgbà sínú èrò pé ẹni tó bá polówó ọjà, kí gbogbo ìlú gbọ́ ọ. Ìyẹn dára fún ẹni tó ń ta ọṣẹ, torí kò sẹ́ni tí kì í wẹ̀. Èmi ńkọ́? Ínkúbétọ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń pa ẹyin adìyẹ, ni mò ń kàn, tí mo sì ń tún ṣe ní Mọníyà. Nínú gbogbo èrò tó ń wọkọ̀ ní Ìwó Road láàárọ̀, agbára káká la fi máa rí ẹyọ ẹnì kan tó nílò mi. Kí ni n ó fi etí àwọn yòókù ṣe?

Ẹ̀sùn tí wọ́n máa ń fi kan ẹ̀rọ mi jù ni pé ọjọ́ 21 pé, ẹyin kò pa. Tí mo bá débẹ̀, ẹyin jíjẹ ni wọ́n rà, ti adìyẹ inú kéèjì tí kò fojú kan àkùkọ rí. Kò sí bí èyí ṣe lè di òròmọdìyẹ. Mo wá gbé fóònù kalẹ̀ nínú yàrá tí aṣọ kún kí ohùn má baà máa dún padà, mo pa jẹnẹrétọ̀, mo ń gba ohùn mi sílẹ̀ fún pódíkáàsì, mo sì fi 20 ìṣẹ́jú ṣàlàyé: bí a ṣe ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹyin ní ọjọ́ keje láti rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ta bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, ìdí tí a kì í fi í yí ẹyin mọ́ láti ọjọ́ 18, àti pé tí wọ́n bá múná lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ wò.

Mo pe àkọlé rẹ̀ ní "Kí ló dé tí ẹyin mi ò pa?", torí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára ṣe máa béèrè nìyẹn. Ẹlòmíràn ì bá kọ "Apá kìíní". Ta ló ń wá apá kìíní lóru? Mo fi líǹkì rẹ̀ sórí WhatsApp àwọn ọlọ́sìn adìyẹ.

Oṣù àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó pè. Àwọn tó gbọ́ ọ kò pé 50. Lóṣù kejì, ìyá kan pè mí láti Àkóbọ̀: "Bọ̀dá, ẹyin tí mo rà lọ́jà Bódìjà lẹ́ẹ̀mejì, àṣé ohun tó ṣe é nìyẹn?" Nígbà tó wá, kò bi mí bóyá mo mọṣẹ́. Iye owó nìkan la jọ ná. Ibi tí agbára pódíkáàsì wà gan-an nìyẹn: ẹni tó bá fi 20 ìṣẹ́jú gbọ́ yín lórí ìṣòro rẹ̀ ti mọ̀ yín kó tó rí yín.

Àwọn bàbá wa ń pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Pódíkáàsì tí kò bá ní nọ́ńbà tí wọ́n lè pè ti di asọ̀rọ̀mágbèsì òun náà. Ẹ fẹnu pe nọ́ńbà yín, lẹ́ẹ̀mejì, torí ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé adìyẹ lọ́wọ́ kò ráyè ka ohun tí ẹ kọ.

Ọ̀rọ̀ dátà kò le. Ohùn lásán tí a bá tọ́jú ní 64 kbps (ìwọ̀n dátà tí ohùn ń gbà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan), 20 ìṣẹ́jú rẹ̀ kò pé 10MB. Ẹni tó ń ta píọ̀ wọ́tà kò nílò gbogbo èyí, n ò ní tàn yín. Àwa tí iṣẹ́ wa ṣọ̀wọ́n ló wà fún.

Ẹni tó pè mí láti Lálúpọn lánàá kò tíì ra nǹkan kan. Ó béèrè bóyá kí òun fi omi kún omi inú ẹ̀rọ ní ọjọ́ mẹ́ta ìkẹyìn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí awọ inú ẹyin má baà gbẹ mọ́ òròmọdìyẹ lára. Mo ti kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀, òun ni n ó gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.