Òfin ìbọn àti ìpànìyàn: Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ òkèèrè

Òfin ìbọn ni òfin tó ń sọ ẹni tó lè ní ìbọn, irú ìbọn tó lè ní, àti ẹni tí yóò fún un ní ìwé àṣẹ. Àwọn onímọ̀ máa ń gbé e wo lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ènìyàn tí wọ́n ń pa lọ́dún nínú 100,000 ọmọ ìlú. Ìfiwéra yìí gba sùúrù, torí ìlú tí òfin rẹ̀ le lè kún fún ìpànìyàn, èyí tí ìbọn pọ̀ sí sì lè tòrò.

Òfin Nàìjíríà

Òfin Ìbọn ọdún 1959 ló de Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, bó ṣe de gbogbo Nàìjíríà. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín ìbọn sí. Àkọ́kọ́ ni èyí tó kà léèwọ̀: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn sójà, bọ́ǹbù àti ìbọn ìléwọ́. Ààrẹ nìkan ló lè fúnni láṣẹ rẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì ká a mọ́ lọ́wọ́ láìgbàṣẹ kò lè gba ẹ̀wọ̀n tó dín ní ọdún 10. Ìkejì ni ìbọn ọdẹ ìgbàlódé, irú ẹlẹ́nu méjì, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ ń ti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá wá. Ìkẹta ni ìbọn tí wọ́n ń ti ẹnu kì, tí òfin fi sábẹ́ àṣẹ ìpínlẹ̀. Ibẹ̀ ni ṣakabùlà wà.

Ìpín kẹta yìí ló yẹ kí a fara balẹ̀ wò. Kí ọdẹ tó yin ṣakabùlà, yóò da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, yóò fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, yóò fi ìhá dí i, yóò da ọta lé e, yóò sì tún kì í. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń dún. Bí ó bá tàsé, ẹran ti wọ igbó kí ọdẹ tó kì í tán. Irú ìbọn yìí gba etíkun wọlé: Àgbádárìgì wà lára èbúté tí àwọn òyìnbó ti ń fi ìbọn àti ẹ̀tù gba ẹrú. Nígbà Ogun Àgìdìngbì ní 1851, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó, Ẹ̀pẹ́ ló lọ fìdí kalẹ̀ sí. Nígbà tó di 1890, àdéhùn Brussels tí àwọn ìjọba òkèèrè bá ara wọn ṣe dènà ìbọn ìgbàlódé ní apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà, ó sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta ìṣáná. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni ìyàsọ́tọ̀ inú òfin 1959 ti ṣẹ̀.

Ìwà ọ̀daràn ní agbègbè náà

Láàárín 2016 sí 2017, àwọn ọ̀daràn tí aráàlú ń pè ní Badoo ń wọlé onílé lóru ní Ìkòròdú, wọ́n ń pa bàbá, ìyá àti ọmọ mọ́ ojú oorun. Ọmọ ọlọ, òkúta tí wọ́n fi ń lọ ata, ni wọ́n fi ń fọ́ wọn lórí. Òfin ìbọn kò kan irú ikú yìí rárá; aráàdúgbò, ọdẹ àti OPC ló ń ṣọ́ òru. Ní Ìgbónlà lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ìbọn ni àwọn ajínigbé gbé wọ ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 2017. Wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà gba ojú omi lọ, ó sì lé ní ọgọ́ta ọjọ́ kí wọ́n tó fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀sà kò mọ ààlà, ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ sì súnmọ́ Àgbádárìgì. Ìdí nìyí tí àdéhùn ECOWAS ti 2006 lórí ìbọn kéékèèké, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009, fi ṣe pàtàkì fún agbègbè yìí ju bí wọ́n ṣe ń kà á sí lọ.

Ilẹ̀ òkèèrè

Lẹ́yìn ìpakúpa ilé ẹ̀kọ́ Dunblane ní Scotland ní 1996, níbi tí ọmọdé 16 àti olùkọ́ wọn kú sí, Gẹ̀ẹ́sì fòfin de ìbọn ìléwọ́ ní 1997. Ọsirélíà ra ìbọn tó lé ní 600,000 padà lọ́wọ́ aráàlú lẹ́yìn ìpakúpa Port Arthur, tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1996 kan náà. Ní Japan, ìbọn ìléwọ́ jẹ́ èèwọ̀ fún aráàlú, ìpànìyàn ibẹ̀ kò sì tó ẹyọ kan nínú 100,000. Ṣùgbọ́n Switzerland náà kò tó ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ìbọn bíi 28 ló wà níbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Jàmáíkà ní òfin líle láti 1967, ó sì dá ilé ẹjọ́ ìbọn sílẹ̀ ní 1974, síbẹ̀ ìpànìyàn ibẹ̀ ju 40 lọ nínú 100,000 ní 2022.

Ìṣirò Small Arms Survey, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí ìbọn, ti 2017 fún Amẹ́ríkà ní ìbọn 120 fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ó fún Nàìjíríà ní bíi 3. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2021, nínú 48,830 tí ìbọn pa, ó lé ní ìdajì tó jẹ́ pé ara wọn ni wọ́n yìn ín fún. Ẹni tó bá ń ka ikú ìbọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya ìwọ̀nyí kúrò lára ìpànìyàn.