Ìdí Ìyá Edward Kẹta àti Adé Faransé

Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí jù nínú kíláàsì ìtàn ni pé, kí ló kan ọba Gẹ̀ẹ́sì nínú adé Faransé? Oyún ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn.

Ní oṣù kejì 1328, Charles Kẹrin, ọba Faransé, wàjà láìní ọmọkùnrin. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì ti jọba ṣáájú rẹ̀, kò sì sí ọmọkùnrin tó kù lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n olorì lóyún. Philip ti Valois, ọmọ àbúrò bàbá Charles, wá ń ṣe adelé. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, olorì bí obìnrin. Kí oṣù karùn-ún tó parí, wọ́n ti dé Philip ládé ní Reims.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Edward Kẹta, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ti wọlé. Isabella ìyá rẹ̀ àti Charles, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bí wọ́n bá ka ìdí ìyá, òun ló sún mọ́ olóògbé jù. Àwọn ìjòyè Faransé ní àwọn kò kà á: oyè tí obìnrin kò lè jẹ, kò lè fà á lé ọmọ lọ́wọ́. Wọ́n ṣáà ti fo Jeanne, ọmọbìnrin Louis Kẹwàá tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Charles, dá ní 1316. Ọ̀pọ̀ ń pe èyí ní òfin Salic, àmọ́ ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó hú òfin àtijọ́ yẹn jáde láti fi ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Lójú tèmi, ohun tó wù wọ́n ni pé Philip ti dàgbà, ọmọ ilẹ̀ wọn sì ni. Ọmọ ọdún 15 ni Edward, òkè òkun ló sì wà.

Ẹ dúró wo èyí dáadáa. Ní 1329, Edward lọ sí Amiens, ó wárí fún Philip nítorí Gascony, ilẹ̀ kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Faransé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó gbà pé wọ́n jí adé òun kì í wárí fún ẹni tó dé e. Ìgbà tí Philip gbẹ́sẹ̀ lé Gascony ní 1337 ni ogun dé. Ní oṣù kìíní 1340, ní Ghent, ìlú kan ní Flanders, Edward kéde ara rẹ̀ ní ọba Faransé. Àwọn ará Flanders ti búra fún ọba Faransé. Bí Edward bá jẹ́ ọba náà, wọ́n lè jà lẹ́yìn rẹ̀ láìda ìbúra.

Ìdí ìyá yìí náà sì ní ihò. Jeanne tí wọ́n fò dá bí Charles ti Navarre ní 1332. Bí ẹ̀jẹ̀ ìyá bá lè gbé adé, ọmọ Jeanne ló yẹ kó ṣáájú ọmọ Isabella, nítorí Louis ni àgbà. Ohun tí Edward lè dì mú ni pé a ò tíì bí Charles nígbà tí ìtẹ́ ṣófo.

Ilẹ̀ ni mo gbà pé Edward ń wá. Nínú àdéhùn Brétigny, 1360, ó gbà láti jáwọ́ nínú orúkọ ọba Faransé, kí ilẹ̀ ńlá ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn lè di tirẹ̀ láìwárí fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìjà ilẹ̀ náà tún bẹ́ ní 1369, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara rẹ̀ ní ọba Faransé.